Awò Ojú Afeezat

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí owó ṣe lè pọ̀ lọ́wọ́ ẹni tí kò ní làákàyè, kó wá wo Ràímì onípákó n'Ókè-Ṣopẹ́n. Inú ara rẹ̀ ni Nimota, àbúrò rẹ̀ obìnrin, ti ń wí bẹ́ẹ̀, nítorí a kì í là á mọ́ ẹ̀gbọ́n lójú.

Afeezat, ọmọ Ràímì, kì í ṣe olódo. Lẹ́tà inú ìwé ni kì í dúró lójú kan fún un. Ṣùgbọ́n ohun tó bá ti wọ etí rẹ̀ kò jáde mọ́. Etí ló fi gba gbogbo kéwú tó ké lọ́jọ́ wòlímọ̀ rẹ̀. Ràímì pa màlúù, ó ń yan kiri bí ẹni pé òun ló ké e. Òpè.

Nimota, tó ń ṣe tíṣà n'Ókè-Àgbò, bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìwé sórí fóònù fún ọmọ náà. Kọ́lẹ́ẹ̀jì kan l'Ágọ̀-Ìwòyè sì ní àwọn á fún un lẹ́ni tí yóò máa ka ìbéèrè sí i létí lọ́jọ́ ìdánwò àbáwọlé, kí bàbá rẹ̀ ṣáà fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni Ràímì fi jókòó ti fọ́ọ̀mù náà. Ó ní ojú ló ń dun ọmọ òun. Kí ayé lè gbà á gbọ́, ó ra awò fún un, dígí lásán bíi ti fèrèsé. Nimota fi awò náà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Lọ́dún tó kọjá, Afeezat ló dá ìbéèrè kà, kò ka ìdajì tán tí àkókò fi pé. Bó bá tún fìdí rẹmi, Ràímì ti ní kó wá jókòó ti pákó. Lọ́jọ́ tí wọ́n máa gba fọ́ọ̀mù kẹ́yìn, Nimota kó bàbá àti ọmọ lọ s'Ágọ̀-Ìwòyè.

Obìnrin tó wà ní ọ́fíìsì gbé fọ́ọ̀mù síwájú Ràímì.

"Ọma mi éè ṣe abirùn," Ràímì wí.

Obìnrin náà ní kò síbi tí wọ́n kọ abirùn sí. "Ẹ fúnra yín ẹ kà á, Bàbá."

Ràímì yọ awò lójú Afeezat, ó fi sójú ara rẹ̀, ó tẹjú mọ́ ìwé. Ó pẹ́ kí ojú rẹ̀ tó kúrò lórí ìlà kìíní.

Èébú ti dé ẹnu Nimota kó tó rántí. Akọ̀wé ló ń ka gbogbo rìsíìtì fún Ràímì ní ṣọ́ọ̀bù. Ìwé ìpè ìnáwó, "bá mi wò ó" ni. Nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdé, bàbá wọn nà án nítorí ìwé tí kò lè kà, títí ó fi sá kúrò ní ìwé mẹ́rin, gbogbo ilé ń pè é ní olódo, Nimota náà ń bá wọn pè é. Ojú tì í. Ó gbé èébú náà mì.

Afeezat ti fẹnu sétí bàbá rẹ̀. Ó ti mọ fọ́ọ̀mù náà sórí bí Nimota ṣe túmọ̀ rẹ̀ fún un. "Èmi, òbí ọmọ yìí, gbà pé ó lè kẹ́kọ̀ọ́, ṣùgbọ́n ó nílò ẹni tí yóò máa kàwé sí i létí."

Ràímì ní kó tún un wí. Ó tún un wí.

"Ibo ni kí n fọwọ́ sí?"

Afeezat mú ìka bàbá rẹ̀, ó gbé e lé ibẹ̀, Ràímì sì fọwọ́ sí i. Nígbà tí wọ́n padà dé Òkè-Ṣopẹ́n, awò náà ṣì wà lójú Ràímì, kò sì sẹ́ni tó béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.