Tíṣà Oníṣúìtì

Ẹ má dá Tíṣà Àgbà lóhùn o. Ọ̀rọ̀ eyín kọ́ ló ń jẹ ẹ́ lọ́kàn, owú ni. Ọdún mẹ́rìnlá ló ti ń kọ́mọ ní ilé ìwé yẹn, kò sì sẹ́ni tó bá a du ọmọ rí, àfìgbà tí wọ́n gba tíṣà tuntun sí kíláàsì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀. Ọmọge kékeré báyìí, tó ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tó jogún ẹ̀rín. Súìtì kún inú dúrọ́ọ̀ tábìlì ẹ̀. Ọmọ tó bá dáhùn ìbéèrè, kó gba kan. Èyí tó gbìyànjú tí kò gbà á, kóun náà gba kan. Làwọn ọmọ bá sọ ọ́ ní Tíṣà Oníṣúìtì.

Bó bá mọ bẹ́ẹ̀, à bá ní kò burú. Àmọ́ òfin ilé ìwé ni pé tíṣà kì í kọ́ ọmọ ara rẹ̀, ọmọ kan ṣoṣo tí Tíṣà Àgbà bí, ọmọ ọdún méje, ọ̀dọ̀ ọmọge yìí ni wọ́n wá fi sí. Hàà! Ẹ wo wàhálà! Bọ́mọ bá délé, "Tíṣà wa ní báyìí." Bó bá ń jẹun, "Tíṣà wa kì í ṣe é báyẹn." Láràárọ̀, wọn ò ní tíì wọ géètì tán tó fi máa já ọwọ́ gbà lọ́wọ́ ìyá ẹ̀, ó di eré. Ìyá á dúró síbẹ̀ pẹ̀lú báàgì ọmọ lọ́wọ́. Òjòwú kì í lẹ́ran láyà, kò sí irọ́ níbẹ̀; gbogbo aṣọ Tíṣà Àgbà ló ti ń tóbi jù fún un.

"Súìtì ni," ló ń sọ fún ara ẹ̀. "Súìtì ló fi ra ọmọ mi."

Ló bá gbé e dé ìpàdé àwọn tíṣà. "Ẹ̀yin èèyàn mi, ilé ìwé nibí, kì í ṣe ìsọ̀ súìtì! Eyín àwọn ọmọ ti ń jẹrà. Ọmọ tí ò bá rí súìtì lá, ṣé kò ní mọ̀ pé méjì àti méjì jẹ́ mẹ́rin ni?"

Ọ̀gá ilé ìwé fọwọ́ sí i: láti ọ̀la, súìtì ti di èèwọ̀. Tíṣà Oníṣúìtì ò jiyàn rárá. Ó ní, "Ẹ ṣé mà, n ò ro ti eyín yẹn," ó sì kó gbogbo súìtì rẹ̀ fún ọ̀gá. Tíṣà Àgbà ń yan lọ sílé bí ajagunṣẹ́gun.

Ọjọ́ kejì, ó di ọwọ́ ọmọ mú dé géètì. Ọmọ tún já ọwọ́ gbà. Kò sí súìtì, kò sí nǹkan kan, eré tó sá tún ju ti àná lọ.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà tí wọ́n délé, Tíṣà Àgbà ò lè mú un mọ́ra mọ́. Ó jókòó ti ìwé tó ń máàkì, ó pe ọmọ.

"Wá ná. Tíṣà yín ò pín súìtì mọ́. Kí lo tún ń sáré lọ bá wọn fún?"

Ó ya ọmọ lẹ́nu. "Màmá, èmi kì í jẹ súìtì wọn. Ṣebí ẹ̀yin lẹ ní kí n má jẹ ẹ́. Ọ̀rẹ́ mi ni mò ń kó o fún."

"Kí wá ni?"

"Àlá mi ni mo máa ń lọ rọ́ fún wọn. Wọ́n máa ń jókòó gbọ́ ọ tán. Bí mo bá fẹ́ rọ́ ọ fún yín, ẹ máa ní kí n jẹ́ kẹ́ ẹ máàkì tán ná."

Ojú ti ìyá, ó sì dùn ún wọra. Ó pa ìwé dé, ó fa ọmọ mọ́ra.

"Ó yá, ọmọ mi, rọ́ tòní fún mi. N ò máàkì mọ́."

Ọmọ rò ó díẹ̀.

"Mo ti rọ́ ọ fún tíṣà wa," ó ní, ó sì lọ bọ́ yunifọ́ọ̀mù ẹ̀.