Òbúkọ Tó Wá Pa Ìlú Inú Gẹ́ẹ̀mù

Mo lá àlá kan lóru àná, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kó tó fò lọ́kàn mi. Ẹ ṣáà rántí gẹ́ẹ̀mù ogun tí èmi àti bùọ̀dá mi, Àńjọọ́rìn, jọ máa ń ṣe lórí fóònù kí bùọ̀dá mi tó kú. Iléeṣẹ́ tó ni ín ti pa á tì, wọ́n ní kò mówó wọlé mọ́. Ọláwuyì, ọ̀kan nínú àwa tí a fẹ́ràn gẹ́ẹ̀mù náà, ló ṣa gbogbo ìlú inú rẹ̀ jọ sínú kọ̀ńpútà kan ní ṣọ́ọ̀bù tí ìyàwó rẹ̀ ti ń ṣe irun ní Ìkirun. Láti orí fóònù wa la ti ń wọ ibẹ̀ lọ ṣe eré wa. Bùọ̀dá mi ṣì dúró sẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀ nínú gẹ́ẹ̀mù náà. Bí mo bá kí i, á fi ohun tó ti kọ sílẹ̀ fún gbogbo àlejò kó tó kú dá mi lóhùn: "Ṣé ẹ ti jẹun?" Ó ń pe èmi àbúrò rẹ̀ ní "ẹ", mo sì ti gbà bẹ́ẹ̀. Òun ni mo ń lọ wò, kì í ṣe ogun.

Nínú àlá, ọ́fíìsì iléeṣẹ́ náà léfòó wá láti ojú ọ̀run, ó bà lé òrùlé ṣọ́ọ̀bù. Mo ní kí wọ́n rọra, òrùlé náà ń jò. Máníjà kan fi àkàbà sọ̀ kalẹ̀ tòun ti kóòtù àti táì. Ó ní àwọn gbọ́ pé a ń ṣe eré tí àwọn ti pa. Mo bi í pé bí wọ́n bá ti pa á, kí ló tún kàn wọ́n?

"Lóòótọ́ la ti jù ú sí ààtàn," ni ó wí, "ṣùgbọ́n àwa la ni ààtàn."

Bó ṣe sọ bẹ́ẹ̀ tán ló di òbúkọ. Kò yà mí lẹ́nu. Ẹni tó ń ṣọ́ ààtàn, kí ni ì bá tún dà? Mo dọ̀bálẹ̀ fún un, torí irùngbọ̀n rẹ̀ ti funfun. Kọ̀ńpútà bínú, ó ní òun ò rí irú ọmọ Yorùbá tó ń dọ̀bálẹ̀ fún ẹran.

Òbúkọ torí bọ ojú kọ̀ńpútà, mo tẹ̀lé e, la bá bára wa ní ìlú inú gẹ́ẹ̀mù. Ó fa idà, idà ò jáde. Ọláwuyì ti ṣe é pé ẹnikẹ́ni ò lè yọ idà níbẹ̀ láìkọ́kọ́ kí gbogbo ará ìlú tán. Òbúkọ bá ń lọ láti ojúlé dé ojúlé, wọ́n ń béèrè àlàáfíà ìyàwó, ọmọ àti ìyá rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Inú mi dùn. Mo ní títí ayé ni yóò máa kí èèyàn.

Àfi ìgbà tó kan ilé bùọ̀dá mi. Ó kí i. Bùọ̀dá mi ní, "Ṣé ẹ ti jẹun?"

Òbúkọ ronú díẹ̀, ó ní rárá. Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ wáyà iná.

Odò ló kọ́kọ́ ṣókùnkùn, lẹ́yìn náà ọjà, lẹ́yìn náà àdúgbò wa. Ẹ̀rù bà mí gan-an. Mo di ìrù òbúkọ mú, mo ń bẹ̀ ẹ́ pé kó kó gbogbo nǹkan, kó ṣáà fi ẹnu ọ̀nà yẹn sílẹ̀ fún mi. Ó ń jẹ wáyà rẹ̀ lọ. Àwọn ọ̀gá kì í sọ̀rọ̀ bí wọ́n bá ń jẹun.

Mo jí, ilẹ̀ ti mọ́. Mo mú fóònù, gẹ́ẹ̀mù ò ṣí. Àtẹ̀jíṣẹ́ Ọláwuyì ló wà níbẹ̀: ó ní ká má bínú, oníbàárà ìyàwó òun tètè dé, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń mú irun gbẹ ló gba iná lọ́wọ́ kọ̀ńpútà.

Mo ti wẹ̀, mo ti jẹun, mo ṣì jókòó síbí. Mò ń dúró kí irun obìnrin kan gbẹ, kí n lè lọ kí ẹ̀gbọ́n mi.