Fọ́tò Bàbá Tí Wọ́n Fi Ọ̀rọ̀ Kọ

Ká ní kì í ṣe pé ẹ̀gbọ́n mi ni, ǹ bá ti gba kọ̀ǹpútà yẹn lọ́wọ́ rẹ̀ tipẹ́. Fọ́tò kan péré ni ìyá wa ní tó jẹ́ ti olóògbé bàbá wa, ó sì ti lẹ̀ mọ́ gíláàsì férémù rẹ̀. Màámi ní kó bá òun tọ́jú rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà. Ó yà á síbẹ̀ lóòótọ́. Àṣejù ló wá fi kún un, ó ní òun máa fi ọ̀bẹ ṣí bébà rẹ̀ kúrò lára gíláàsì, bí ojú bàbá ṣe fà ya nìyẹn.

Ṣebí èyí tó wà nínú kọ̀ǹpútà ṣì wà. Ẹ̀gbọ́n mi kò gbà. Ó ní tó bá yá, kò ní sí ẹ̀rọ tó máa lè ṣí irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ lásán, ẹnikẹ́ni tó bá mọ̀wé máa kà á. Àmì tíńtín tíńtín ló ń para pọ̀ di fọ́tò, ó bá ní kí kọ̀ǹpútà kọ àwọ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sílẹ̀, ọ̀kan lórí ìlà kan. Dúdú. Dúdú. Búráùn. Búráùn. Búráùn. Mo bi í bóyá fọ́tò ni àbí àròkọ. Ó ní ojú mi ò tíì là. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà pọ̀ débi pé kọ̀ǹpútà ń mí hẹlẹ, ó pa fọ́tò gangan rẹ́ kí àyè lè wà.

Ìyàwó rẹ̀ ló wá jókòó sídìí kọ̀ǹpútà náà. Ilé ìtẹ̀wé ló ń bá ṣiṣẹ́, òun ló ń tún ìwé àwọn òǹkọ̀wé ṣe, ó sì máa ń gbé iṣẹ́ wálé. Ó rí i pé ẹnì kan kọ búráùn títí kò fẹ́ dá a dúró, inú bí i. Ó rò pé akéwì kan ló fi ránṣẹ́. Gbogbo ọ̀rọ̀ tó ń tún ara wọn sọ ló yọ dànù, ó fi ẹyọ kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, ó sì dìde pẹ̀lú ìtẹ́lọ́rùn.

Màámi wá dé láti wo ọkọ rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí kọ̀ǹpútà sọ ọ̀rọ̀ náà padà di fọ́tò. Ohun tí kọ̀ǹpútà gbé jáde kò níwájú orí, etí kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ imú, imú náà sì tín-ín-rín bí okùn bàtà. Ẹ̀gbọ́n mi ṣàlàyé pé ìyàwó òun ti tún bàbá wa kọ. Ìyàwó wa ní báwo lòun ṣe fẹ́ mọ̀ pé bàbá ọkọ òun lòun ń gé kúrú. Ẹ̀rín fẹ́ pa mí, àfi ìgbà tí mo wo ojú Màámi, mo gbé e mì. Kò síbòmíràn tó tún ti máa rí ojú bàbá wa mọ́, ó sì dùn mí wọ eegun.

Màámi fa àga, ó jókòó ti ìyàwó wa, ó ní kó kà á sí òun létí láti òkè. Kò tíì kà á jìnnà tí Màámi fi dá a dúró, pé iwájú orí ọkọ òun fẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, kó kọ búráùn sí i. Ó kọ ọ́. Màámi ní kò tíì tó. Báyìí ni ìyá wa ń pe ojú ọkọ rẹ̀ ní àwọ̀ kọ̀ọ̀kan, tí ìyàwó wa ń tẹ̀ ẹ́.

Nígbà tí wọ́n dé ẹ̀gbẹ́ etí, Màámi rẹ́rìn-ín díẹ̀.

"Kọ funfun síbẹ̀. Ọṣẹ tó fi ń fá irùngbọ̀n ni. Kì í ṣan án tán láéláé, èmi ni mo máa ń bá a nù ún."

Kò sí ọṣẹ kankan nínú fọ́tò náà rí. Ẹ̀gbọ́n mi lanu láti sọ bẹ́ẹ̀, mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀ mọ́lẹ̀.

"Funfun mélòó, mà?" ni ìyàwó wa bi í.

"Máa kọ ọ́ lọ," ni Màámi wí. "Màá sọ fún ẹ tó bá tó."