Palepa Ò Ráyè

Bí ẹ bá ń wá ẹni tó ń fi gbogbo ara sin ilé Ọlọ́run ní abúlé wọn ní erékùṣù Savai'i, Palepa ni. Òun ni olórí ẹgbẹ́ àwọn ìyá ìjọ, òun ló ń dáná fún pásítọ̀, bí orin bá sì fẹ́ dàrú, òun ni wọ́n ń wojú rẹ̀.

Ọkọ rẹ̀, Mareko, ti wà lórí ẹní láti ìgbà tí rọpárọsẹ̀ ti mú un lápá ọ̀tún. Díẹ̀díẹ̀ lọ̀rọ̀ ń jáde lẹ́nu rẹ̀, ohun kan náà ló sì ń tọrọ: "Ìyá Tilomai, jókòó. Ka Sáàmù fún mi."

"Mò ń bọ̀, Bàbá Tilomai. Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ bẹ iṣu kókò yìí tán."

Mò ń bọ̀ yẹn kì í dé. Wọ́n fẹ́ ṣí ṣọ́ọ̀ṣì tuntun, àlejò ń bọ̀ láti Apia, olú ìlú wọn, ẹní tí wọ́n ń hun ò tíì parí, ẹlẹ́dẹ̀ tó yẹ kó sanra sì ń rù.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Mareko kọ oúnjẹ, ó kọjú sí òpó ilé. Ojú ti Palepa. Nígbà tí wọ́n fọn ìkarahun tí wọ́n fi ń pe àdúrà ìrọ̀lẹ́, tí àwọn olóyè dúró sójú ọ̀nà kí ẹnikẹ́ni má bàa rìn títí àdúrà á fi parí, ó jókòó tì í, ó ka Sáàmù, ó di ojú.

"Bàbá wa tí ń bẹ lọ́run, a dúpẹ́..."

Ṣé wọ́n á rí àgbọn tó pọ̀ tó? Ó lé èrò náà jáde. Ta ni yóò gba ìyàwó pásítọ̀ àgbà lálejò? Ó tún lé e. Àmọ́ ilé tí kò ní ògiri ni wọ́n ń gbé: adìyẹ tí ẹ bá lé gba ìhà yìí jáde, ìhà kejì ló ń gbà wọlé. Bí ọkàn Palepa ṣe rí nìyẹn.

Ó ṣe àmín, ó lajú. Ẹnu Mareko ti wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, itọ́ ń dà, ojú rẹ̀ sì ń wo ìyàwó rẹ̀ ṣáá. Palepa ò mọ ìgbà tó ṣẹlẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ló jókòó sí o.

Ní ọsibítù, Lusila, ẹ̀gbọ́n Mareko, di Palepa lápá mú. "Ìyàwó wa, gbàdúrà. Ìwọ lo mọ̀ ọ́n gbà."

"Olúwa..." Ibẹ̀ ló ti rántí pé òun fi ìkòkò kókò sílẹ̀ lórí iná. Ó bú sẹ́kún. "Ẹ bá mi gbà á, ẹ̀gbọ́n mi. Ọkọ mi ń lọ, kókò ni mò ń rò! Irú èèyàn wo ni mí?"

Lusila pòṣé. "Ta ló ní kó o gbálẹ̀ kí Ọlọ́run tó wọlé? Ṣé àlejò Apia ni? Sọ ti kókò náà fún un."

Palepa kúnlẹ̀, ó di ọwọ́ ọkọ rẹ̀ mú. "Olúwa, ìkòkò mi ń jóná. Ẹlẹ́dẹ̀ wa rù. Mo fẹ́ kí pásítọ̀ yìn mí. Ó ti rẹ̀ mí. Ọkọ mi ń kú lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, mi ò gbọ́. Mi ò mọ ohun tí mo lè ṣe."

Ọwọ́ náà ò di tirẹ̀ mú padà. Dókítà wá, ó wò ó, ó ní kí wọ́n ṣáà máa dúró.

Mareko ò sọ̀rọ̀ mọ́ títí tó fi kú kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí. Lẹ́yìn ìsìnkú, Lusila bi Palepa bóyá Ọlọ́run gbọ́ ohun tó sọ lọ́jọ́ yẹn.

"Mi ò mọ̀," ni Palepa wí. "Mo ṣì ń sọ ọ́."