Obìnrin Tó Ń Se Oúnjẹ

Mẹ́jọ̀ Gethin ará Wales ní ilẹ̀ lọ súà, ó jagun, ó tún di aṣòfin nílùú wọn. Ṣùgbọ́n títí ó fi kú, kò jẹ́ kí wọ́n gbọ́ nílé pé obìnrin Yorùbá kan lóyún fún òun ní Douala nígbà ogun Jámánì. Ó ti lọ kí wọ́n tó bí Mọpẹ́olúwa.

Mọpẹ́olúwa ti darúgbó báyìí. Àkàrà ló ń dín ní Deïdo, àdúgbò kan ní Douala, nítorí ọ̀dá owó tí wọ́n ń pè ní la crise ti gba iṣẹ́ èbúté lọ́wọ́ Oyèkọ́lá ọmọ rẹ̀.

Lẹ́yìn tí Mẹ́jọ̀ kú, Emlyn ọmọ rẹ̀ ní Wales rí ọ̀rọ̀ náà nínú ìwé tó fi sílẹ̀. Lọ́jọ́ tí Emlyn fẹ́ wá wo Mọpẹ́olúwa ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Oyèkọ́lá yá àga, ó lọ aṣọ ìyá rẹ̀ sílẹ̀. Àfi bí àlejò ṣe tètè dé! Kò tíì jókòó tí Mọpẹ́olúwa fi wọlé láti ìdí àkàrà, èéfín lójú, òróró láṣọ.

Emlyn fi Faransé béèrè pé, “Ta nìyí?”

Ojú gba Oyèkọ́lá tì. Ó rò pé bí ìyá òun bá wẹ̀ tán, òun á fi í hàn. “Obìnrin tó ń se oúnjẹ fún wa ni.”

Mọpẹ́olúwa gbọ́ Faransé yékéyéké. Ó kọjá sẹ́yìn. Oyèkọ́lá ṣe bí ó lọ wẹ̀ ni.

Wẹ̀ kẹ̀? Omi mímu ló gbé wá, tòun tèéfín ojú rẹ̀. Níbo lẹ ti rí i kí ìyá kúnlẹ̀ fún ọmọ? Mọpẹ́olúwa kúnlẹ̀ níwájú Oyèkọ́lá, bí ọmọ ọ̀dọ̀ níwájú ọ̀gá.

“Patron, ẹ gba omi,” ló wí. “Bàbá mi tó sẹ́ mi, kò rí ojú mi rí.”