Ọ̀dà Tó Pa Iná Ẹ̀yìn

Ẹni tó ń wa ọkọ̀ kì í rí ìdí ara rẹ̀. Ìyẹn ló jẹ́ kí n máa fi píkọ́ọ̀pù mi yí ìgboro ká láìmọ̀ pé iná ẹ̀yìn rẹ̀ méjèèjì ti kú. Ẹ̀ṣọ́ ojú pópó kan ló dá mi dúró. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ fèrèsé, ó ní, "Màmá, ẹ̀yìn yín ṣókùnkùn." Mo ní kó má bínú, ó ti pẹ́ tí ọkùnrin ti wo ẹ̀yìn mi gbẹ̀yìn, kò sẹ́ni tó lè sọ fún mi. Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní kí n lọ tún un ṣe kí òun tó tún fojú kàn mí.

Ká ní ibẹ̀ lọ̀rọ̀ parí sí, ì bá dáa. Àmọ́ ẹnu mi kì í dúró sójú kan, mo lọ fi ṣe ẹ̀fẹ̀ fún àkọ́bí mi. Awọnlẹ̀ ni àkọ́bí mi. Ilẹ̀ onílẹ̀ ló ń wọ̀n kiri, kì í sì í fi ẹ̀fẹ̀ ṣe ẹ̀fẹ̀. Ó ti pẹ́ tó ti ń wá bó ṣe máa gba ọkọ̀ náà lọ́wọ́ mi.

Ó ní, "Màmá, ó yá, ẹ jẹ́ ká ṣe àdéhùn. Mò ń bọ̀ nírọ̀lẹ́ Fúráìdé. Tí iná náà bá tàn, ẹ máa wa ọkọ̀ yín, mi ò ní sọ̀rọ̀ mọ́. Tí kò bá tàn, ẹni tó ń ra irin àlòkù á wá wọ́ ọ lọ ní Sátidé, ẹ̀yin náà á sì kó wá sọ́dọ̀ wa, ẹ ó sinmi."

Mo mọ ìsinmi yẹn. Àga kan wà ní pálọ̀ rẹ̀ tó kọjú sí tẹlifíṣọ̀n, ìyàwó rẹ̀ ti fi aṣọ tuntun bò ó dè mí. Ìyá ìyàwó rẹ̀ ló jókòó síbẹ̀ kó tó kú. Gbogbo ìgbà tí obìnrin náà bá ti yí ìdí padà ni wọ́n máa ń sáré bi í bóyá ó fẹ́ tọ̀.

Èmi, ẹrù àwọn tó ń ṣí kúrò nílé ni mò ń kó. Látìgbà tí ọkọ mi ti kú tó fi ọkọ̀ náà sílẹ̀ ni. Tí ẹ bá fẹ́ mọ àṣírí tọkọtaya, ẹ bá wọn gbé mátírẹ́ẹ̀sì. Mo ti gbé èyí tó jin kòtò kan ṣoṣo láàárín, mo ti gbé èyí tí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì jin tí àárín sì ga bí odi. Mi ò bi ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. Okùn ni mo máa ń fi dì í.

Nígbà tí Fúráìdé pé, mo ránṣẹ́ pe rewáyà tó ń bá wa tún iná ọkọ̀ ṣe. Pẹ̀lẹ́ là ń pè é, torí bí ẹ bá kí i kú àárọ̀, ó lè di ọ̀sán kó tó jẹ́ ẹ. Ọkọ̀ wà lábẹ́ páànù lẹ́yìn ilé mi, imú rẹ̀ kọ ojú sí ògiri. Pẹ̀lẹ́ pààrọ̀ gílóòbù méjèèjì. Kò tàn. Ó yọ fíúsì, ó gbé e sókè bí ẹni ń wo ẹyin lójú oòrùn, ó ní kò jóná. Ó fi gílóòbù kékeré kan tó so mọ́ wáyà wádìí ẹ̀yìn ọkọ̀, ó ní iná ń dé ibẹ̀ dáadáa, òun ò mọ ìdí tí kò fi fẹ́ tàn.

"Màmá, ẹ tẹ bíréèkì."

"Mo ti tẹ̀ ẹ́."

"Ẹ tẹ̀ ẹ́ dáadáa."

"Bí mo bá tẹ̀ ẹ́ ju báyìí lọ, ẹsẹ̀ mi á kan ilẹ̀."

"Ṣé kì í ṣe kílọ́ọ̀ṣì lẹ ń tẹ̀, ẹ jọ̀ọ́?"

"Bàbá rẹ ò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń kọ ẹnu sí obìnrin nígbà tí mo ti mọ ìyàtọ̀ àwọn méjèèjì."

Mo rọra wo ilẹ̀ ṣá. Bíréèkì ni.

Ibi tí mo jókòó sí yẹn ni mo ti rí nǹkan. Bí mo bá ti tẹ bíréèkì, ìmọ́lẹ̀ pupa rúsúrúsú kan á là sára ògiri iwájú mi. Bí mo bá gbé ẹsẹ̀, á lọ.

"Pẹ̀lẹ́, iná kékeré iwájú ló ń tàn o."

"Màmá, iná bíréèkì kì í lọ síwájú."

"Sọ fún òun náà."

Ó wá síwájú, mo tẹ̀ ẹ́, ó rí i. Ó họ irùngbọ̀n. Mo ní ó jọ ẹni tó lo oògùn ìyàgbẹ́ tó wá bẹ̀rẹ̀ sí í sín. Ó ní òótọ́ ni, wáyà inú rẹ̀ ti ṣu pọ̀ mọ́ra wọn nìyẹn, àfi ká tú gbogbo rẹ̀ síta ká na tuntun.

"Ọjọ́ mélòó?"

"Bí ọ̀sẹ̀ kan."

Mo wo oòrùn. Ó ti ń rọ̀. Mi ò lè fi ọkọ̀ tí ìfun rẹ̀ wà nílẹ̀ pàdé àkọ́bí mi. Mo ní kó tú iná kan kúrò lójú ibi tó wà ná, kó wo ẹ̀yìn rẹ̀, kó tó dá ọkọ̀ dùbúlẹ̀ bí ẹran. Ó kùn, àmọ́ ó lọ. Súkúrù náà ti há. Ó fi pílásì gbá a mú, ó fi gbogbo ara rẹ̀ fà á, ìrù pílásì sì lọ kan bọ́ńpà.

Iná tàn. Ó mú kí ojú Pẹ̀lẹ́ pọ́n bíi pé ó ń tijú.

"Ẹ má gbé ẹsẹ̀."

"Mi ò gbé e."

Ó gbé pílásì kúrò, iná kú. Ó dá a padà, iná tàn. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tó ti ń rò bọ̀ látàárọ̀. Ó ní iná tó bá jáde gbọ́dọ̀ padà sílé, ara irin ọkọ̀ ló sì ń gbà padà. Bí wọ́n bá dí ọ̀nà yẹn mọ́ ọn, á gba ẹ̀bùrú lọ yọ síbi tí wọn ò rán an. Ó tú iná náà kúrò. Ẹ̀yìn rẹ̀, níbi tó yẹ kí irin ti kan irin, ọ̀dà aláwọ̀ ewé ló wà níbẹ̀, ó nípọn bí èékánná ẹsẹ̀ mi.

"Ta ló kun ọkọ̀ yìí?"

"Èmi ni. Ọ̀dà géètì ló ṣẹ́kù."

Ó wo ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, níbi tí ọ̀dà tèmi ti ń ṣàn bí ikun imú ọmọdé. Ó tún wo ẹ̀yìn iná. Ibẹ̀ dán, ó tẹ́, kò ṣàn rárá.

"Màmá, ọwọ́ yín kọ́ lèyí."

Òótọ́ ni. Àkọ́bí mi ló wá bá mi parí rẹ̀ nígbà tí mo kùn ún kí àwọn aládùúgbò lè yéé pe ọkọ̀ mi ní ìpẹtà. Ó ní iṣẹ́ tí mo ṣe ti burú jù. Ó tú iná, ó tú gbogbo ohun tó ṣeé tú, ó kun ibi tí ojú kankan ò ní dé, ó sì dá wọn padà. Awọnlẹ̀ kì í fi igun kankan sílẹ̀.

Pẹ̀lẹ́ ń ha ọ̀dà náà lọ́wọ́ nígbà tí onítọ̀hún wọlé dé. Ó kí wa. Ó rí irin tó ń dán níbi tí ọ̀dà ti kúrò.

"Kí ló dé tẹ́ ẹ fi ń ba iṣẹ́ mi jẹ́?"

Pẹ̀lẹ́ ní, "Iṣẹ́ yín ló dí iná lọ́nà, sà."

Ẹ̀rín gun mi lọ́fun, mo fi ikọ́ bò ó. Ẹni tó bá ti ṣubú, èèyàn kì í tún tì í. Àkọ́bí mi bẹ̀rẹ̀, ó wo ibẹ̀ títí. Lẹ́yìn náà ó ká apá ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sókè, ó gba sáńpépà lọ́wọ́ Pẹ̀lẹ́, ó ní kó lọ fọ ọwọ́, òun á ṣe ẹ̀gbẹ́ kejì. Mo lọ dúró tì í.

"Màmá, kì í ṣe iná."

"Mo mọ̀."

"Ẹ̀yin nìkan lójú pópó, pẹ̀lú kọ́bọ́ọ̀dù ẹni ẹlẹ́ni lẹ́yìn ọkọ̀ yín. Bí fóònù mi bá ti dún níbi iṣẹ́, àyà mi á já."

"O ò wá sọ bẹ́ẹ̀. Iná lo mú dání."

Ó ń ha á lọ. "Mo rò pé kò ní tàn ni."

Ó dá iná kejì padà, ó sún súkúrù mọ́ ọn, ó lọ dúró lẹ́yìn ọkọ̀. Mo gun ìjókòó mi, ìjókòó náà kérora bó ṣe máa ń ṣe. Pẹ̀lẹ́ ṣì wà lẹ́nu ẹ̀rọ omi níwájú ilé, ó ń fọ ìka rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò sí ojú mìíràn lẹ́yìn ọkọ̀ yẹn àyàfi ojú àkọ́bí mi. Èjìká rẹ̀ kan ni mo rí nínú díńgí.

Mo tẹ̀ ẹ́.

"Ó tàn?"

 Èjìká náà gòkè díẹ̀, ó sì sọ̀ kalẹ̀.

"Méjèèjì, Màmá," ló wí. "Ẹ gbé ẹsẹ̀ yín."

Mi ò tíì gbé e. Mo ní kó kọ́kọ́ pe ẹni irin àlòkù, kó sọ fún un pé kó má wulẹ̀ wá.