Ẹsẹ̀ Kúrò Lórí Tọ́tù

Àyà Bàbá Kábúrétọ̀ kì í já bọ̀rọ̀. Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tó ti ń tún ọkọ̀ ṣe, kábúrétọ̀, ohun tó ń po epo mọ́ atẹ́gùn fún ẹ́ńjìnnì, ló sì sọ ọ́ di èèyàn. Ẹ gbé èyí tó ti dáràn wá, á tú u, á fẹnu fẹ́ ihò rẹ̀, á yí súkúrù kan báyìí, ẹ́ńjìnnì á máa kùn jẹ́jẹ́. Ibẹ̀ ni orúkọ ìnagijẹ yẹn ti wá.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni ọmọbìnrin rẹ̀ tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ní kó yọ kábúrétọ̀ kúrò lára ọkọ̀ òun, kó fi ìnjẹ́ṣọ̀n sí i, èyí tí ọpọlọ kọ̀ǹpútà ń pín epo fún ẹ́ńjìnnì. Bàbá ráhùn títí, àmọ́ ó ṣe é. Wàhálà kan ló kù: bí ọkọ̀ bá dúró sójú kan, ẹ́ńjìnnì á han sókè, á tún rọlẹ̀, bí ẹni tó sáré dé láti ọ̀nà jíjìn. Kí ni Bàbá ṣe? Ohun tó ti ń ṣe láti ọgbọ̀n ọdún ni. Ó wá súkúrù tó wà lẹ́nu ọ̀nà atẹ́gùn kàn, ó ń yí i wọlé díẹ̀díẹ̀ títí ariwo fi dọ́gba. Inú rẹ̀ dùn dẹ́yìn. Kí aago méje tó lù láàárọ̀ yìí ló na kọ́kọ́rọ́ sí ọmọ rẹ̀, ó ní, "Máa wà á lọ. Ó ti dára." Ọmọ náà gbé ọmọ tirẹ̀ sẹ́yìn ọkọ̀, ó dúpẹ́, ó lọ.

Kò tíì tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí obìnrin tó ń fi kọ̀ǹpútà yẹ ọkọ̀ wò ní ṣọ́ọ̀bù kejì fi wá yá sípánà. Bàbá bá bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́nnu fún un, ó ń ròyìn ọgbọ́n àgbà tí òun dá. Obìnrin náà gbé sípánà sílẹ̀.

"Bàbá, súkúrù yẹn lẹ yí?"

"Èwo ni kí n tún yí?"

"A kì í fọwọ́ kàn án. Bí ẹ bá ti yí i, ọpọlọ ọkọ̀ á rò pé awakọ̀ ṣì ń fẹsẹ̀ tẹ tọ́tù tó ń mú ọkọ̀ sáré. Kò ní mọ̀ pé ẹsẹ̀ ti kúrò, kò sì ní gbé ẹ́ńjìnnì ró. Bó bá gbóná tán, tí wọ́n tẹ bíréèkì, ó lè kú síbẹ̀. Ibo lọmọ yín ń gbà?"

"Ọ̀nà ọsibítù, ibi iṣẹ́ rẹ̀." Orí irin rélùwéè lọ̀nà ọsibítù gbà kọjá, gegele ibẹ̀ sì pọ̀ débi pé kò sí awakọ̀ tí kì í tẹ bíréèkì. Rélùwéè aago méje kì í pẹ́ dé rárá.

Ó pe ọmọ rẹ̀ lórí fóònù. Kò gbé e. Ó tún pè. Ta ló kọ́ ọ pé a kì í gbé fóònù nídìí ọkọ̀? Bàbá kan náà ni.

Obìnrin náà gbé e sínú ọkọ̀ tirẹ̀. Bàbá ò tiẹ̀ rántí de bẹ́líìtì. "A kì í mọ̀ ọ́n rìn kí orí má mì," obìnrin náà ń tù ú nínú. Ẹ gbà mí, irú òwe wo ló ń tu èèyàn nínú nígbà tí ọmọ rẹ̀ ń lọ sójú irin? Wọ́n gbọ́ fèrè rélùwéè níwájú. "Sáré," ni Bàbá ń sọ, "sáré, ìyá mi."

Nígbà tí wọ́n débẹ̀, rélùwéè ti kọjá, èrò sì ti pé jọ. Bàbá ò fẹ́ wò, ó sì ń wò. Ọkọ̀ náà wà nínú kòtò ní òdìkejì, bọ́ńpà ẹ̀yìn ti já dànù. Ọmọ rẹ̀ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó gbá ọmọ mọ́ra. Wọ́n yè, àwọn méjèèjì. Ọkùnrin mẹ́rin tó ti ọkọ̀ náà kúrò lójú irin ṣì ń mí gúlegúle.

"Ó ti na ọmọ sí wa lójú fèrèsé," ni ọ̀kan nínú wọn wí, "àmọ́ òun fúnra rẹ̀ kọ̀, kò sọ̀ kalẹ̀. Ó kàn ń yí kọ́kọ́rọ́ ṣáá."

Bàbá wólẹ̀ síwájú ọmọ rẹ̀. "Irin lásán ni ọkọ̀. Kí ló dé tí o ò sọ̀ kalẹ̀?"

Ọmọ náà gbójú sókè wò ó.

"Bàbá mi, ẹ ní ó ti dára. Mo rò pé èmi ni mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣíná sí i."